Hester àti Pearl: Ìyá àti Ọmọ Àlè Nínú The Scarlet Letter

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè irú ẹ̀dá-ìtàn tí Pearl jẹ́ nínú The Scarlet Letter, ìwé tí Nathaniel Hawthorne tẹ̀ jáde ní 1850, èsì tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ ni. Èsì náà kò burú, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ tó.

Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti wáyé, láàárín 1640 sí 1650, lọ́dọ̀ àwọn Puritan tí ẹ̀sìn àti òfin jẹ́ ọ̀kan náà lójú wọn. Hester Prynne, abilékọ tí ọkọ rẹ̀ rán ṣáájú wá láti òkè òkun, bímọ fún ẹlòmíràn, kò sì dárúkọ bàbá ọmọ. Wọ́n mú un gun pèpéle ìtìjú pẹ̀lú ìkókó lápá, wọ́n sì pa á láṣẹ kí ó máa fi lẹ́tà A, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ panṣágà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, sí àyà títí ayé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Hester kò ní ilé tí yóò wò; ohun tí ó ná ni ó wò. Ó fi orúkọ ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye inú òkun pe ọmọ náà, nítorí gbogbo ohun tí ó ní ni ó fi rà á. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ó ń ṣe jẹun. Aṣọ tí kò fani mọ́ra ni òun fúnra rẹ̀ ń wọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ pupa tí ó fi òwú wúrà ṣe ọnà sí ni ó ń rán fún Pearl, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ọnà sí lẹ́tà àyà rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ gba ọmọ náà ní ilé Gómìnà Bellingham, Hester fi àáké kọ́rí pé òun yóò kọ́kọ́ kú. Òǹkàwé a máa yìn ín níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ìfẹ́ yìí ti rí ìdánwò tí ó le jù. Hawthorne kò fi pa mọ́ pé ìyá yìí ti rò ó rí bóyá kò ní sàn kí òun rán ọmọ náà lọ sí ọ̀run, kí òun náà sì tẹ̀lé e. Ní etí òkun, Pearl, ọmọ ọdún méje, bèèrè ìtumọ̀ lẹ́tà náà. Hester, tí kò purọ́ rí nípa àmì yìí, purọ́ fún ọmọ: ó ní nítorí òwú wúrà ara rẹ̀ ni òun ṣe ń lò ó. Nígbà tí ọmọ tún bèèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó halẹ̀ pé òun yóò tì í mọ́ yàrá òkùnkùn.

Ẹ̀san irọ́ náà dé nínú igbó. Hester pàdé àlùfáà Dimmesdale, bàbá ọmọ. Ó já lẹ́tà náà sọnù, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀, ẹwà èwe rẹ̀ sì padà. Pearl dúró ní òdìkejì odò kékeré kan, ó nawọ́ sí àyà ìyá rẹ̀, ó figbe ta, kò sì sọdá títí lẹ́tà náà fi padà sí ipò rẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ìwà ìkà. Wọ́n gbàgbé pé lẹ́tà náà ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ mọ̀ láti inú àtẹ́. Àjèjì ni obìnrin tí kò ní in láyà. Ọmọ tí òfin kò lè gbà lọ́wọ́ ìyá ni ó dá ìyá padà sábẹ́ òfin.

Lẹ́yìn ikú Dimmesdale, ìyá àti ọmọ lọ sí òkè òkun. Ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, Hester nìkan ni ó padà sí ilé kékeré rẹ̀ ní Boston, ó sì fi lẹ́tà náà sí àyà láìsí ẹni tí ó pa á láṣẹ. Òǹkọ̀wé kò sọ ibi tí Pearl wà. Ìwé tí a lu èdìdì mọ́ ń dé láti òkèèrè, àwọn ará ìlú sì rí Hester nígbà kan tí ó ń fi òwú wúrà ṣe ọnà sí aṣọ ìkókó, irú ọnà tí ọmọ Boston kankan kò jẹ́ wọ̀ jáde.