Ọ̀nà Ilé-Ìwé Nínú Òfin Ẹ̀kọ́ Àkànṣe: Àgbéyẹ̀wò láti Creek Road

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà ara, inú kíláàsì ni a sábà máa ń dúró sí: olùkọ́ kò tó, ohun èlò kò sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àléébù àwọn òfin wa ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ náà tó dé ẹnu géètì ilé-ìwé.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 1977 fara mọ́ pé kí a da àwọn ọmọ wọ̀nyí pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ ni yóò bá ilé-ìwé mu. Ìpàdé àgbáyé tí ó wáyé ní Salamanca, ní orílẹ̀-èdè Spain, ní 1994, yí i padà: ilé-ìwé ni kí ó bá ọmọ mu. Ìlànà tiwa ti ọdún 2004 gba èyí wọlé, ó sì ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. A kò bá a jà lórí ìyẹn.

Ṣáájú àwọn ìlànà wọ̀nyí ni a ti dá ilé-ìwé àwọn afọ́jú Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè ní 1962, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tí wọ́n sì ń sùn. Àwọn alárìíwísí a máa sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ya ọmọ nípa kúrò lọ́dọ̀ ará ilé àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kò purọ́. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tí ó wà nínú ọgbà ilé-ìwé ti yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba wá ní kí ọmọ máa ti ilé lọ sí ilé-ìwé àdúgbò rẹ̀, ọ̀nà di ara ètò ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìlànà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Creek Road, ní Àpápá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ètò fífi ẹ̀rọ ayélujára pe ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Èrèlé 2021, àwọn tírélà tí ń dúró de àyè láti wọ èbúté a máa tò sí ojú títì yìí. Etí ni afọ́jú fi ń mọ ọ̀nà. Ariwo ẹ́ńjìnnì bo gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́. Fèrè ọkọ̀ kò sì wúlò fún adití. Ní ti ọmọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ibi tí tírélà bá ti gun ẹ̀gbẹ́ títì ni ìrìn rẹ̀ parí sí, bí ilé-ìwé kò tilẹ̀ ju ìtòsí lọ.

Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní Ṣẹ́rẹ́ 2019 sàn jù, nítorí ó dárúkọ ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn. Ó tún ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ fún iṣẹ́ yìí. Àmọ́ abala ilé-ìwé kò mẹ́nu ba ọ̀nà, abala ọ̀nà kò sì mẹ́nu ba ilé-ìwé. Ọdún márùn-ún tí òfin náà fi sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé ìjọba ti pé ní Ṣẹ́rẹ́ 2024. Ta ni yóò wá bi ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ léèrè nípa tírélà?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la gan-an, nítorí pé nínú rẹ́jísítà, àmì kan náà ni a ń fi síwájú orúkọ ọmọ tí tírélà dí lọ́nà àti ọmọ tí ó sá lẹ́kọ̀ọ́.