Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Létí Ọ̀sà

Ní 1913, wòlíì William Wadé Harris fẹsẹ̀ rìn láti Làìbéríà wọ Côte d'Ivoire, àwọn obìnrin oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń bá a kọrin. Àwọn ẹ̀yà Dida níbẹ̀ bi í léèrè irú orin tó yẹ Ọlọ́run. Ó ní kí wọ́n mú orin ìlú wọn wá, kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà.

Ìdáhùn ńlá nìyẹn! Harris ti ṣe ìrìbọmi fún ènìyàn tó lé ní 100,000 kí ìjọba Faransé tó lé e kúrò.

Títí dòní, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Harris ṣì ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ṣì ń fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbé orin. Wọn kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ẹnìkan á dá orin, agbo á gbè é. Etí ni ìwé wọn.

Orin yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá: Treichville ní Côte d'Ivoire, níbi tí gbọ̀ngàn àṣà ńlá tó ń jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé Bernard Dadié wà létí ọ̀sà Ébrié, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, àwọn ará Èjìgbò pàápàá, ti ń ṣòwò. Nínú wọn, ẹni tó bá ti gbọ́ bí ohùn orin òyìnbó ṣe ń lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ra nínú ìwé orin àtijọ́ yóò mọ iyì ohun tí Harris fún àwọn Dida.