Ta Ló Sanwó Ọkọ̀?

Ìbéèrè kan ló gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà lónìí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá ẹgbẹ́ òǹkàwé kan sọ̀rọ̀ lórí ìrìnàjò nínú ìwé Yorùbá. Mo sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Fágúnwà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Fágúnwà náà ni mo fi parí, mo sì tẹnu mọ́ ọn pé ìgboyà ni olórí ohun tí ẹni tó fẹ́ pẹ́ lájò gbọ́dọ̀ ní. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, kò lè ju ọmọ ọdún 26 lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí mi, sà. Mo fẹ́ fi ọdún kan rìn láti Èkó dé Dakar, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rò ó. Kì í ṣe pé mi ò láyà. Nínú gbogbo ìwé tí ẹ dárúkọ yìí, ta ló sanwó ọkọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi àwàdà dá a lóhùn, a sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ìgbà tí mo délé ni ojú wá ń tì mí. Ìbéèrè lámèyítọ́ gidi lọmọ yẹn béèrè, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Mo bá padà sídìí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Àkọlé rẹ̀ ti fi ìgboyà síwájú. Ojú tó gbó ni ògbójú, ojú tó ti rí nǹkan títí tí nǹkan kò fi bà á lẹ́rù mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn, bí èmi náà sì ṣe kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nìyẹn: Àkàrà-oògùn láyà, ó wọ igbó, ó jà, ó borí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ìyálọ́jà tó ń ka owó rẹ̀ ka ìwé náà wò. Ọmọ yìí kò dédé fi ọwọ́ lásán wọgbó. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní agbára tiwọn. Ó ní ìbọn, ó ní ohun ìjà, ó ní oògùn lóríṣìíríṣìí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé ogún ló fi jẹ. Kì í ṣe òun ló fi òógùn ojú rẹ̀ kó o jọ.

Nínú oògùn wọ̀nyẹn ni egbé wà. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, egbé ni oògùn tó máa ń gbé èèyàn kúrò níbi tí ewu wà, tí yóò sì gbé e délẹ̀ síbòmíràn, nílé rẹ̀ pàápàá. Àkàrà-oògùn lò ó nígbà tí ẹ̀rù bà á. Kò sí lámèyítọ́ kan tí mo mọ̀, àtèmi náà, tó fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ní egbé lápò ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ kó tó ra ti àlọ. Mi ò sọ pé kò láyà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àyà ẹni tó mọ bí òun ṣe máa délé yàtọ̀ sí àyà ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Fágúnwà sì mọ èyí ju àwa tí à ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ìrìnàjò ńlá dé, ti Òkè Lángbòdó. Ọba ló rán wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn fò. Ẹni tí ọba rán níṣẹ́ kì í ṣe alárìnkiri. Ó ní ẹni tó ń retí rẹ̀, ó sì ní ẹni tí yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ bó bá dé. Òun nìkan kọ́ ló sì lọ: Kàkò wà níbẹ̀, Ìmọ́dòye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Èyí tó máa ń wù mí jù ni Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, torí pé ó gbọ́ èdè ẹranko. Ẹ wò ó, ògbufọ̀ wà nínú ikọ̀ náà! Iṣẹ́ èdè ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣe fọ́ńté díẹ̀. Fágúnwà mọ̀ pé ẹni tó máa pẹ́ lóko olóko nílò ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀, bó ṣe nílò ẹni tó lágbára.

Ibi tí mo ti wá kọsẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ìyàwó Kàkò dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ. Kàkò pa á. Ẹ kà á dáadáa: ó pa á, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ibẹ̀ ló ti hàn pé Kàkò kì í jẹ́ kí ohunkóhun dí òun lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. Lójú mi báyìí, ibẹ̀ ni ìwé náà ti sọ òótọ́ tí kò dùn létí jù lọ, yálà òǹkọ̀wé ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀ tàbí kò ní in. Gbogbo ìrìnàjò tó pẹ́ ló ní ẹnìkan tó dì mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yẹn ní tirẹ̀ láti sọ. Ta ni yóò ṣe oko? Ta ni yóò wà pẹ̀lú òun? Ìwé náà kò jẹ́ kó sọ ọ́ parí, àwa náà sì ń pe ìyẹn ní ìgboyà.

Ọ̀rọ̀ Olábísí Àjàlá kò ní gùn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní 1952 ó gun kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà, láti Chicago lọ sí Los Angeles. Nígbà tó tún yá, ó gun Vespa káàkiri àgbáyé fún bí ọdún mẹ́fà, ó sì tẹ ìwé An African Abroad jáde ní 1963. Ebenezer Obey kọrin nípa rẹ̀, látìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró nílé ti ń jẹ́ Àjàlá. Ìjà mi kì í ṣe pẹ̀lú Àjàlá tàbí pẹ̀lú olórin. Àwa la jẹ̀bi. Ohun tí a dì mú ni orúkọ àti ijó. A ti ń jó sí orin yẹn láti ọjọ́ yìí, mi ò tíì gbọ́ lóde àríyá kan kí ẹnìkan béèrè pé ta ló ń ra epo sí Vespa.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí ìdáhùn. Mi ò rí i nínú ìwé ìtàn àròsọ. Nínú ìwé ìròyìn Yorùbá ayé àtijọ́, pàápàá Akéde Èkó tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, ìtàn ìrìnàjò wà níbẹ̀. Bí ó bá dé ìlú kan, á dárúkọ àwọn tó gbà á lálejò. Àwọn kan ní ìyẹn ń súni. Orúkọ, orúkọ, orúkọ ṣáá. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú kíláàsì. Mo ti yí ohùn padà. Àkọsílẹ̀ owó ọ̀nà ni àwọn orúkọ yẹn. Ilé tí wọ́n ti fún ọ ní ẹní, o ò ní san owó òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀.

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà náà ńkọ́? Wọ́n ń gba aṣọ láwìn, wọ́n ń rù ú dé ìlú onílùú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n á tún padà lọ gba owó díẹ̀díẹ̀. Nínú orúkọ wọn gan-an ni ọgbọ́n náà wà: ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun ò ní dìde àfi bí òun bá gbowó òun. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé ìgboyà nípa wọn, bẹ́ẹ̀ ìgboyà wo ló ju kéèyàn lóṣòó sílùú tí kò ní ìbátan kankan? Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ṣakí tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣòwò ní Ghana náà ńkọ́, kí ìjọba Busia tó ní kí àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní 1969? Ìdí òwò ni ọ̀nà tiwọn ti yọ, ẹni tó ti lọ ṣáájú ló ń fa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n tún ń dá àjọ. Ẹ má gbàgbé àmì ohùn o, àti àmì abẹ́: àjò lọ̀tọ̀, àjọ lọ̀tọ̀, wọn ò sì bára wọn tan. Inú jọ, ìyẹn kó jọ, ni àjọ ti wá. Ẹ̀yin tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó sanwó fún èkejì.

Àpẹẹrẹ kan ṣì kù. Ajayi Crowther bá ọkọ̀ lọ sórí odò Ọya ní 1841. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó tó wà nínú ìrìnàjò náà. Ó tún bá Baikie lọ ní 1854 nínú ọkọ̀ Pleiad, kò sí òyìnbó kan ṣoṣo tó kú. Ṣé àyà àwọn ti 1854 le ju ti àwọn ti 1841 lọ ni? Rárá o. Quinine ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ohun tí owó rà, tí ẹnìkan sì dì sínú àpótí kí ọkọ̀ tó gbéra, ló mú wọn padà wálé.

Ó wá kù mí ku ìwé tèmi. Ní 1978 ni mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ gboyè ọ̀mọ̀wé, ọdún mẹ́rin ni mo lò. Owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi kò tètè dé. Aṣọ ni ìyàwó mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ń tà nígbà náà, òun àti àwọn obìnrin mọ́kànlá sì jọ ń dá àjọ. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó tirẹ̀. Owó yẹn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, òun náà ló ra kóòtù òtútù. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ, ó di okùn báàgì mi mú, ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ta ni màá jí?" Mo ní kó fi Ọlọ́run ṣe. Mo sùn lọ.

Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè, mo gbé ìwé oyè mi sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ. Ojú ìwé méjì gbáko ni mo fi dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ mi, lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní táípù, lọ́wọ́ àwọn bàbá tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀ ní abúlé mẹ́ta. Ìlà kan ṣoṣo ni ti ìyàwó mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sùúrù. Sùúrù! Owó ló fún mi, mo kọ sùúrù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, màá fi bíírò pupa fà á.

Mo wá nọ́ńbà ọmọbìnrin náà, mo pè é. Mo ní kó má bínú, pé mo ti rí ìdáhùn díẹ̀. A jọ ṣírò rẹ̀. Owó àjọ rẹ̀ yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ lóṣù Ẹrẹ́nà. Mo sọ fún un pé ìwé àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún un ní 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nílùú kan, kó yáa lọ gbàwé. Pé kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó sì mú káàdì rẹ̀ dání. Mo ní kó má ṣe kánjú kọjá Kétu àti Ṣábẹ, torí yóò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀; kó yà ní Atakpamé, kó tẹ́tí sí èdè àwọn Ifẹ̀ ibẹ̀, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ fún mi bí wọ́n bá gbà fún un. Mo sì fún un ní orúkọ àwọn mẹ́rin tí mo mọ̀ lójú ọ̀nà.

Ó dúpẹ́. Mo wá bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ta ló máa máa bá àwọn gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù." Mo ní, "Ṣé o ti dá wọn lóhùn?" Ó ní rárá. Mo ní kó lọ dá wọn lóhùn ná, ká tó sọ̀rọ̀ báàgì.