Ilé Àwọn Fernandez ní Tinúubú, àti Àwọn Tí Ń Mú Àlejò Rìn

Ó ti di àṣà ní Èkó pé kí afinimọ̀nà kó àwọn àlejò jọ, kí ó mú wọn fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé àtijọ́ kan dé òmíràn, kí ó sì máa pìtàn fún wọn. A kò kórìíra àṣà yìí. Ó sàn ju kí a máa kọjá níwájú iṣẹ́ àwọn baba wa láìgbé ojú sókè. Síbẹ̀, nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tí àwa náà ti bá wọn rìn, ohun kan wà tí kò tẹ́ wa lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé tí a ń pè ní Casa do Fernandez, ní Gbàgede Tinúubú. Ọdún 1855 ni a sábà máa ń dárúkọ pé ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ ọ. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni. Ní 1933 Alfred Omolona Olaiya rà á, Ilojo Bar sì di orúkọ rẹ̀. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí ti orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹsàn-án, 2016, a wó o palẹ̀.

Afinimọ̀nà a ka àwọn ọdún wọ̀nyí, a wí pé ‘ọnà Brazil ni’, a sì kọjá. Ẹni tí ó yin aṣọ tí kò dárúkọ ahunṣọ ni. Ta ni ó gbé ọnà náà wá? Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lókè òkun, tí wọ́n sì padà wálé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Àgùdà bẹ́ẹ̀, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a ṣí ní 1894: ọwọ́ Àgùdà ni ó kọ́ ilé àdúrà Ìmàle! Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ fún àlejò pé agbo ilé wa àtijọ́ kọjú sínú àgbàlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé Àgùdà kọjú sí ìgboro, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, àti fèrèsé alárà gbogbo. Ìyípadà ńlá nìyí nínú ìgbé-ayé ènìyàn, ó sì ju ẹwà ògiri lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìhà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ilé Fernandez ń ga sókè, Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ wà, níbi tí ó sá dé lẹ́yìn ìjà 1851, tí ó sì ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹsàn-án, 1854. Ó padà sí Èkó ní 1862. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kan kò bá a lọ, ìdí nìyẹn tí Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ fi wà títí di òní. Ọnà Àgùdà náà gba ojú ọ̀sà dé ọ̀dọ̀ wa, owó òwò ni ó sì fi gbilẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú ìrìn yìí sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn onílé. Ìkéde 1956 kò tún òrùlé ẹnikẹ́ni ṣe, ẹni tí òjò ń rọ̀ lé lórí ni yóò mọ iye tí páànù ń gbà. Kí ó béèrè orúkọ bíríkìlà lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, kí ó wọn yàrá, kí ó ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí ó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ìdílé náà, kí ó tó kó àlejò kankan wá.