Luzmila Carpio àti Orin Tó Ń Kọ́ni ní Quechua

Ohùn ló kọ́kọ́ ń gbani létí nínú àwo Yuyay Jap'ina Tapes. Ó ga fíofío, ó sì mú. Á dún bí ẹyẹ, á já wálẹ̀ lójijì, á sì tún gòkè. Luzmila Carpio ló ni ohùn náà. Ọdún 1949 ni wọ́n bí i ní Qala Qala, ní àríwá Potosí ní orílẹ̀-èdè Bòlífíà, níbi tí Quechua ti jẹ́ èdè ilé àti èdè oko. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin òkè Andes tó tọ́ ọ dàgbà ló ti jogún irú orin gíga bẹ́ẹ̀.

Kí a tó dá iṣẹ́ yìí lẹ́jọ́, ó yẹ ká mọ ohun tó bí i. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni àjọ UNICEF ṣètò ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn ará oko Bòlífíà. Carpio kọrin sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ètò náà, wọ́n sì pín in dé àwọn abúlé. Ní 2014 ni ilé iṣẹ́ Almost Musique ní ilẹ̀ Faransé ṣa àwọn orin náà jọ sínú àwo yìí.

Ọ̀rọ̀ inú àwọn orin yìí ni mo kà sí agbára wọn jù. "Ch'uwa Yaku Kawsaypuni" ń sọ nípa omi mímọ́ tó jẹ́ ìyè. "Tarpuricusum Sarata" ń pe ará oko síbi àgbàdo gbígbìn. "Amaotayku Avelino Siñani" ń bu ọlá fún olùkọ́ ọmọ Aymara tó bá Elizardo Pérez dá ilé ẹ̀kọ́ Warisata sílẹ̀ ní 1931. Ọ̀pọ̀ olórin tó ní òun ń gbé àṣà lárugẹ kì í kọjá yíyin aṣọ àti àwọn babańlá. Carpio fi èdè náà ṣiṣẹ́: ó fi ń kọ́ni, ó fi ń gbani níyànjú. Èdè tí a bá ń fi kọ́ ọmọ àti àgbà bí a ṣe ń tọ́jú omi, ó ṣòro kó kú.

Ìlò ohun èlò náà bá ète yìí mu. Charango, gìtá kékeré olókùn mẹ́wàá, ń lọ lábẹ́ ohùn láìbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwítúnwí inú orin sì ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀wé há a sórí.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni àléébù wà. Bí èèyàn bá gbọ́ wọn tẹ̀léra, ìró charango kan náà a máa súni, àwọn orin kan sì jọ ìwàásù olùkọ́ ju orin lọ. Ibi tí ohùn bá ti ń fara wé ẹyẹ ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ orin ZZK ní Buenos Aires fi ìlù ẹ̀rọ tún díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ ṣe ní 2015, ọ̀dọ́ tuntun rí i gbọ́, ṣùgbọ́n ìlù náà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbi mélòó kan.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Orin tí wọ́n ṣe fún àwọn tálákà inú oko, tí wọ́n fi èdè wọn ṣe, tó sì bá wọn sọ ohun tó kàn wọ́n, ní iyì tí àléébù wọ̀nyí kò lè bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Carpio, kó kọ́kọ́ gbọ́ orin inú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, kó sì wá ẹni tó gbọ́ Quechua tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un, torí ìdajì adùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀.