Raigad: Odi tí Oníwàrà Rí Àlèébù Rẹ̀

Ní odi Raigad tó wà lórí òkè, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, láyé àtijọ́, tí oòrùn bá ti wọ̀, wọn a ti ẹnubodè pa, wọn kì í sì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti obìnrin kan tó kiri wàrà wá mọ́ inú odi náà. Hirkani lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà nílé nísàlẹ̀ òkè, ọmú sì ti kún láyà rẹ̀. Ó bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ títí, wọn ò gbà. Ló bá ń tọ etí òkè kiri nínú òkùnkùn, títí ó fi kan ibi tí àpáta ti dà díẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gún ń fà á ya, òkúta ń bó o lára. Nígbà tí Shivaji, ọba àwọn Maratha, gbọ́, ó fún un lẹ́bùn, ó sì pàṣẹ kí wọ́n mọ odi àti ilé-ìṣọ́ sí ibi tó gbà sọ̀ kalẹ̀. Ilé-ìṣọ́ náà wà níbẹ̀ dòní, orúkọ Hirkani ló ń jẹ́.

Wọ́n sábà máa ń pa ìtàn yìí láti fi yin ìfẹ́ abiyamọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀nà ìmọdi ni mo kà á sí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀ ọ́. Ní Raigad, àpáta ló lanu, ìyá ọmọ ló sì kọ́kọ́ rí i. Ọba kò bá a jà. Ẹnu àpáta ló ní kí wọ́n lọ dí. Òfin tó bí gbogbo odi náà nìyẹn: ibi tí òkè bá ti ṣe iṣẹ́ odi fúnra rẹ̀, kí mọlémọlé fi í sílẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti lè rọ́nà gbà, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òkè náà sì tó ẹni à ń fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Àpáta dúdú tó yọ́ jáde láti inú ilẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ni òkè Sahyadri, tí Raigad wà lára rẹ̀, ó to ara rẹ̀ léra ní ìpele ìpele, etí ìpele kọ̀ọ̀kan sì dúró ṣánṣán bí ẹni fi àdá gé e. Raigad ga tó 820 mítà ju òkun lọ. Àfonífojì jíjìn ló là á kúrò lára àwọn òkè yòókù, odò Kal àti odò Gandhari sì ń ṣàn nísàlẹ̀. Rairi ni wọ́n ń pè é nígbà tí Shivaji gbà á lọ́wọ́ ìdílé More ti Javli ní 1656. Rajgad ni olú-ìlú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orí Rajgad há. Ti Raigad tẹ́jú, ó gba ààfin, ó gba tẹ́ńpìlì, ó gba ọjà. Hiroji Indulkar ló gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà lé lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Shivaji jọba ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, 1674.

Ẹ jẹ́ ká dúró lẹ́nu Maha Darwaza, ẹnubodè ńlá. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀ kò ní rí i. Ilé-ìṣọ́ rìbìtì méjì ló yọ síta, ọ̀nà wá ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín wọn. Ìgbà tí èèyàn bá yà sí kọ̀rọ̀ náà tán ni ìlẹ̀kùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí i. Erin tí ọ̀tá bá fẹ́ fi fọ́ ìlẹ̀kùn kò ní ríbi sáré, àgbá kò ní ríbi kọjú sí, àwọn tó wà lórí ògiri a sì máa wo àtàrí ẹni tó ń bọ̀. Henry Oxenden, tí ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, East India Company, rán wá síbi ìwúyè náà, rí erin méjì níwájú ààfin, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe gbé wọn gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gòkè. N kò mọ ìyìn tó ju ìyàlẹ́nu àlejò yìí lọ.

Omi ńkọ́? Òjò líle ni ti agbègbè náà láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn á gbà á. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ òkúta ni wọ́n sọ di adágún: òkúta tó jáde di ògiri, ihò tó kù di àmù.

Lára ògiri tẹ́ńpìlì Jagadishwar, wọ́n fín in sí òkúta pé Hiroji ló kọ́ gbogbo rẹ̀, kànga, adágún, ọgbà, ilé erin àti ààfin, kí wọ́n lè wà níwọ̀n ìgbà tí oòrùn àti òṣùpá bá ṣì ń ràn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé kejì ló máa ń dá mi dúró. Orí àtẹ̀gùn àbáwọlé ló wà, níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni, ní èdè Marathi: Hiroji Indulkar, ẹni tó wà ní ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ ìsìn. Ọkùnrin tó mọ ibi tí kò yẹ kí òun gbé òkúta sí mọ ibi tó yẹ kí orúkọ òun wà.

Shivaji kú sórí òkè yìí ní oṣù Kẹrin, 1680. Àwọn Mughal gba odi náà ní 1689, wọ́n sọ ọ́ ní Islamgad. Àwọn Maratha tún gbà á padà. Ọdún 1818 ló bà á jẹ́. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kò gun àpáta. Orí òkè Kalkai tó kọjú sí i ni wọ́n gbé àgbá sí, wọ́n ń yìn ín títí ààfin fi gbaná. Igi ni wọ́n fi kọ́ apá òkè àwọn ilé ààfin náà, ó sì jó tán. Ìpìlẹ̀ òkúta wọn nìkan ló ṣẹ́ kù.

Níbí ni mo ti ní ẹjọ́ láti rò. Ajnapatra, ìwé ìṣàkóso ìlú tí wọ́n kà sí ti Ramchandra Pant Amatya, tí wọ́n kọ ní nǹkan bíi 1715, ti kìlọ̀ pé kí òkè mìíràn má ṣe sún mọ́ odi. Bó bá wà, kí wọ́n fọ́ ọ wálẹ̀, tàbí kí wọ́n fà á mọ́ odi. Àwọn Maratha mọ àìsàn náà kó tó pa wọ́n. Àfonífojì tó ń dá ẹsẹ̀ dúró kò lè dá ọta àgbá dúró. Nígbà tí àgbá ti lè fò ó kọjá, ó yẹ kí òfin Hirkani kan Kalkai náà: ibi tí ọ̀nà bá ti ṣí, ẹ lọ dí i.

Ní àwọn ọdún 1890, Bal Gangadhar Tilak, ajìjàgbara ará Íńdíà, kó owó jọ láti tún ibojì Shivaji tó wà lórí òkè náà ṣe. Ní 2025, UNESCO ka Raigad pẹ̀lú odi Maratha 11 mìíràn mọ́ ogún àgbáyé. Ọkọ̀ orí okùn wà báyìí tó ń gbé èèyàn gòkè ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dáa fún arúgbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá gbé e, kó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 1,400 náà, kó yà ní kọ̀rọ̀ Maha Darwaza nígbà tí mímí ti ń já lẹ́nu rẹ̀, kó wá lọ dúró níbi ilé-ìṣọ́ Hirkani. Ògiri náà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó gbé e dúró. Kó nawọ́ kan òkúta rẹ̀, kó sì bojú wo ìsàlẹ̀, níbi tí obìnrin kan ti ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tẹ̀ nínú òkùnkùn.