Eagle: Ọkọ̀ Òṣùpá Tí A Ń Tú, Tí A sì Ń Tò

Ẹni tó bá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà èbúté Àpápá rí yóò ti ṣàkíyèsí bí orí tírélà ṣe ń já kọ̀ńténà kan sílẹ̀, tí yóò sì tún lọ gbé òmíràn. Orí kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Ọgbọ́n yìí gan-an ló wà nídìí ọkọ̀ òfurufú alátòpọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí a pín sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, tí a lè yọ ẹ̀yà kan kúrò kí a sì fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ṣíṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kékeré ṣe iṣẹ́ àfipawọ́. Wọn a kọ́kọ́ yà á sórí ìwé, wọn a gé ike pẹlẹbẹ àti páálí, wọn a sì tò ó títí yóò fi dà bí ohun tó ti òṣùpá bọ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ inú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tí mo mọ̀, n kò rí èyí tó kọ́ni ní iṣẹ́ náà tó Eagle.

Inú eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Space: 1999, ni Eagle ti jáde. Gerry àti Sylvia Anderson ló dá eré náà sílẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn, apá 48 ni ó sì jẹ́ títí ó fi parí. Nínú ìtàn náà, ìdọ̀tí núkílíà tí wọ́n kó pamọ́ sórí òṣùpá bú gbàmù, ó sì ti òṣùpá kúrò nítòsí ayé pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ibùdó orí rẹ̀. Eagle ni ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ, tí wọ́n fi ń bọ̀. Brian Johnson ló ṣètò bí ó ṣe rí. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọkọ̀ kékeré inú fíìmù 2001: A Space Odyssey, tó jáde ní 1968, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Oscar lẹ́yìn náà fún iṣẹ́ wọn lórí fíìmù Alien.

Egungun Eagle ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Kò ní awọ dídán tó bò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn bíi bàálù, nítorí pé níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, kò sí ohun tí ṣóńṣó imú fẹ́ là kọjá. Orí rẹ̀, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, dà bí àgógó ẹyẹ, ó sì ní fèrèsé ńlá méjì bí ojú. Èjìká iwájú ló tẹ̀ lé orí. Lẹ́yìn èyí ni àlàfo gígùn kan, lẹ́yìn náà èjìká ẹ̀yìn, àti ẹ́ńjìnnì ńlá mẹ́rin ní ìdí. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí a so kọ́ra bí àkàbà ló gba òkè àlàfo náà kọjá, tí wọ́n mú èjìká méjèèjì pọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ọkọ̀ náà fi ń dúró.

Àlàfo àárín yẹn ni ìdí tí a fi ṣe ọkọ̀ náà. Inú rẹ̀ ni yàrá àwọn èrò ń wọ̀. Bí iṣẹ́ bá yí padà, wọn a yọ yàrá èrò, wọn a sì fi yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì sí i, tàbí pèpéle tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹrù sókè. Irú pèpéle bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kó àwọn àgbá núkílíà ní apá àkọ́kọ́ eré náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ alátòpọ̀ tirẹ̀ ní láti mọ̀ pé oríkèé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi imú àti ẹ́ńjìnnì ṣáájú, nítorí pé àwọn ló ń wu ojú. Àṣìṣe ni. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ̀yà kan yóò ti fara kan èkejì: gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà, àti ohun tí yóò mú méjèèjì dúró. Òòfà kéékèèké tí a tẹ̀ sínú ike dára púpọ̀ fún èyí, bí a bá ti rí i pé ojú tó ń fa ara wọn ló kọjú síra. Gbogbo yàrá àárín, bó ti wù kí inú wọn yàtọ̀ tó, gbọ́dọ̀ jẹ́ gígùn kan náà. Nítorí náà ni mo ṣe ń gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí ó gé ìwọ̀n kan láti ara páálí líle, kí ó sì máa fi wọn gbogbo yàrá, dípò kí ó máa ka rúlà lákọ̀tun ní ìgbà gbogbo.

Ìwọ̀n kíkéré náà fẹ́ àlàyé. Bí a bá ṣe ọkọ̀ ní ìwọ̀n 1/72, ènìyàn tó ga tó 180 sẹ̀ǹtímítà yóò di 2.5 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìwọ̀n yìí, àlàfo mìlímítà kan péré láàárín yàrá àti èjìká ọkọ̀ dúró fún sẹ̀ǹtímítà 7.2. Ihò tí ọwọ́ ènìyàn lè wọ̀ nìyẹn, nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ mímí kò gbọdọ̀ jò níbẹ̀.

Lẹ́yìn oríkèé ni ọ̀ṣọ́ kàn. Àwọn tó ṣe Eagle mú ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké láti inú páálí mọ́dẹ̀lì oníke tí wọ́n ń tà fún ọmọdé, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ọkọ̀ bí ẹni pé páìpù àti táǹkì ni wọ́n. Ohun kéékèèké wọ̀nyí ló ń sọ fún ojú pé ọkọ̀ náà tóbi. Ọmọrí ìgò àti ike bírò tó ti gbẹ náà wúlò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló dára. Ọ̀dà funfun tí kò dán, tí a fi eérú fẹ́ẹ́rẹ́ pa níbi kọ̀ọ̀kan, ni ó bá Eagle mu jù.

Àtòpọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Apollo 11, tó gbé ènìyàn dé òṣùpá ní 1969, ní ẹ̀yà mẹ́ta, èyí tó sì balẹ̀ gan-an ń jẹ́ Eagle. Ibùdó òfurufú àgbáyé náà kò lè lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ìtóbi rẹ̀: Zarya, ẹ̀yà àkọ́kọ́, gòkè ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, Unity sì lọ bá a ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fara kan ara wọn ní òfurufú, wọ́n sì bára mu, nítorí pé wọ́n ti wọn oríkèé wọn kí èyíkéyìí nínú wọn tó kúrò nílẹ̀.

Ọmọ tó bá ń ṣe irú ọkọ̀ yìí yóò kọ́ ìṣirò ìwọ̀n láìmọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé iṣẹ́ náà kì í tán. Bí oríkèé bá ti péye, ẹni tó ṣe yàrá èrò lónìí lè ṣe yàrá ìwòsàn ní ọdún márùn-ún sí i, kí ó sì tì í bọ àlàfo àtijọ́ náà, kí ó wọlé pẹ́kípẹ́kí.